Bí ọ̀tá bá mú ọmọ ogun láàyè, kí ló ń mú un padà wálé?

ÀdùkẹÒkèFìà kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí nílé lóko. Ọ̀rọ̀ kan ló gbà mí lọ́kàn tí mo ní kí n fi lọ̀ yín.

Àbúrò mi, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ológun. Wọ́n ti ní apá Borno ló ń lọ. Láti ìgbà tí ìròyìn yìí ti dé ni ìyá wa ò ti sùn dáadáa mọ́. Kì í ṣe ikú nìkan ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ikú, àwọn á sunkún, àwọn á sì mọ ibi tí sàréè wà. Èyí tí àwọn ò lè gbà mọ́ra ni kí ọ̀tá mú un láàyè, kí wọ́n gbé e wọ igbó, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ bóyá ó jẹun tàbí kò jẹun. Lọ́sàn-án àná wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo ti ń ránṣọ. Wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ, wọ́n ń ṣa òwú ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá bi mí pé: "Àwọn tí wọ́n mú lójú ogun tí wọ́n sì padà wálé, kí ni wọ́n ṣe tí wọn ò fi kú síbẹ̀?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ẹ bá wa gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ ohun tí ẹ mọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ ìtàn, ẹni tó bá mọ òfin, ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Ìyá wa ò fẹ́ ìpẹ̀, òótọ́ ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

SójàÀná kọ:

Àdùkẹ́, bá mi kí ìyá. Sọ fún wọn pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn títí tó fi fẹ̀yìn tì ló ń kí wọn láti Testing Ground, níbí ní Òṣogbo.

Wákàtí àkọ́kọ́ ló léwu jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọ, ara tiẹ̀ náà ń gbọ̀n, ìbọn rẹ̀ ṣì ń gbóná, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí ọwọ́ wà níbi tí wọ́n á ti rí i, kí ènìyàn má sáré, kí ó má tẹjú mọ́ ẹni náà bí ẹni tó ń wá ìjà, kí ó ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe láìjanpata. Ìgboyà ti ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ tán nígbà náà. Sùúrù ló kù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè. Òfin Geneva ti ọdún 1949 lórí àwọn tí wọ́n mú lójú ogun pín sí abala 143. Abala 17 sọ pé nǹkan mẹ́rin péré ni dandan kí ọmọ ogun sọ: orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ẹ́ kó tó sọ èyí tó kù. Abala 13 ní wọn ò gbọdọ̀ fi í ṣe ìran fún èrò. Abala 70 ní kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn tó dé àgọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó fi káàdì ránṣẹ́ sílé pé òun wà láàyè. Abala 118 ní bí ìjà bá ti dáwọ́ dúró, kí wọ́n dá a sílẹ̀ láìfi falẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá ní òótọ́ làwọn fẹ́. Ogun láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni gbogbo èyí tí mo kà yìí wà fún. Ogun abẹ́lé bí èyí tó wà ní Borno, abala 3 ló kàn án jù: wọn ò gbọdọ̀ pa ẹni tó ti ju ohun ìjà sílẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ dá a lóró, wọn ò gbọdọ̀ fi í ṣe ìdógò, kí wọ́n sì tọ́jú ẹni tó bá fara gbọgbẹ́. Àwọn tí à ń bá jà lọ́hùn-ún ò ka ìyẹn sí. Nítorí náà, bí wọ́n bá mú ọmọ wa, kò sí òfin tó máa dúró tì í nínú igbó. Làákàyè rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n bá jọ mú ni yóò dúró tì í. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ di mú: àwọn tí wọ́n bá jọ mú.

BàbáÌbejì kọ:

Ẹ̀gbọ́n Sójà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Kádàrá ni. Orí ló ń yọ ọmọ nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn alágbára kú níbẹ̀, àwọn tí kò lágbára bọ́. Kí ìyá máa bẹ orí ọmọ wọn.

TíṣàÌtàn kọ:

Bàbá Ìbejì, orí ń ṣe tiẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n orí ò ní kí ènìyàn má lo ọgbọ́n. Ẹ wo Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, ará Iléṣà tó múlé tì wá níbí. Ìbàdàn ló mú un lójú ogun nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n sì kó o lọ sí Ìbàdàn. Kò fi ìgbà ìgbèkùn rẹ̀ sunkún nìkan. Ó wo bí wọ́n ṣe ń to ogun, ó wo bí wọ́n ṣe ń dó ti ìlú, ó bá wọn jáde ogun títí ó fi mọ̀ ọ́n tán. Nígbà tí ogun Kírìjì dé, òun gan-an ló di olórí ogun Èkìtìparapọ̀ tó dojú kọ Ìbàdàn, Ìbàdàn ò sì rí i borí. 23 September 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ó pẹ́ láyé títí di 1910.

Ìlú wa yìí náà mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní nǹkan bí 1840, Ìlọrin dó ti Òṣogbo, Ìbàdàn wá ràn wá lọ́wọ́, ogun sì fọ́ mọ́ Ìlọrin lórí. Ẹṣin, ohun ìjà àti ènìyàn ni Ìbàdàn rí kó. Bí nǹkan ṣe máa ń rí fún àwọn òǹdè nínú àwọn ogun wa nígbà yẹn ni pé ẹni tí ẹbí rẹ̀ bá gbọ́ ibi tó wà, wọ́n lè kó owó jọ kí wọ́n lọ rà á padà. Ìràpadà yìí ní àwọn alárinà tó ń bá ni sọ ọ́, ó sì ní iye tí wọ́n ń dúnàádúrà lé lórí. Ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà láàyè, ọjà ni wọ́n ń tà á sí, ó di èrò etíkun.

Àjàyí Crowther ńkọ́? Òṣogùn ni ìlú tiẹ̀, lápá Ìsẹ́yìn, kì í ṣe Òṣogbo wa. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ó dé ibi tí òun fi ń gbìyànjú lóru láti fún ara òun lọ́rùn. Ọkọ̀ tí wọ́n kó o sí ni ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun ní April 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀. Àdùkẹ́, ẹ sọ èyí fún ìyá: ọdún 25 ni ìyá yẹn fi wà láìmọ̀ bóyá ọmọ òun kú tàbí ó wà.

Nọ́ọ̀sìGbọ̀ngánRoad kọ:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kú sí.

Nígbà ogun Hitler, àwọn tí àwọn ará Japan mú, ìrẹsì funfun tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ kúrò pátápátá ni oúnjẹ tí wọ́n ń rí jù. Inú èèpo tí wọ́n dànù yẹn ni fítámì B1 wà. Bí kò bá sí i fún oṣù mélòó kan, ẹsẹ̀ á wú, iṣan á máa jó bí iná, ọkàn á rẹ̀wẹ̀sì títí yóò fi dákẹ́. Béríbérì ni wọ́n ń pè é. Àwọn dókítà tí wọ́n jọ wà ní ìgbèkùn máa ń wá èérí ìrẹsì, ẹ̀wà àti ewé tútù kiri láti fi dá ẹ̀mí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sí. Ẹ tún fi ìgbẹ́ ọ̀rìn, ibà àti kọ́lẹ́rà kún un. Níbi ojú irin tí wọ́n fi wọ́n là láti Thailand dé Bọ́mà ní 1942 sí 1943, àwọn òyìnbó tí wọ́n mú tí wọ́n sì lò níbẹ̀ lé ní 60,000. Ó lé ní 12,000 tó kú. Àwọn ará Éṣíà tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó kú tún ju ìyẹn lọ dáadáa.

Nítorí náà, bí ọmọ wa bá wà níbi tí kò ti lè yan oúnjẹ, ohunkóhun tó bá ní èèpo lára ni kó jẹ: ọkà bàbà tí wọn ò fọ̀ mọ́ jù, ẹ̀wà, ẹ̀pà, ewé tó bá mọ̀. Omi, kó sè é bí iná bá wà. Egbò kékeré, kó má fojú di í, kó fi aṣọ bò ó kí eṣinṣin má bà lé e. Kó máa wẹ ọwọ́ kódà bó jẹ́ eérú ló rí. Bí wọ́n bá fún un ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kó pín in sí méjì, kí ikùn má ṣófo láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ìyá gbọ́ jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ni ìyà ò pa nínú ìgbèkùn, oúnjẹ ló pa wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀. Ẹni tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ ti kọ́ láti máa fi ọ̀rá àti iṣan ara rẹ̀ ṣe oúnjẹ. Bí ẹ bá kan gbé iyán rogodo pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún un lọ́jọ́ tó dé, ara á sáré fa àwọn iyọ̀ kan, pàápàá èyí tí à ń pè ní phosphate, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láti fi lo oúnjẹ yẹn. Iyọ̀ náà á gbẹ nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ó sì lè dákẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni yóò mú ìyá gbé odó kalẹ̀. Kí wọ́n ní sùúrù. Ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n fún un ní fítámì B1, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ògì tó ṣàn, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa fi kún un lójoojúmọ́.

Ní 1944 sí 1945, ní yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin 36 fi ara wọn sílẹ̀ kí wọ́n fi ebi pa wọ́n láti fi wo bí a ṣe lè tọ́jú àwọn tí ogun fi ebi pa. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò, wọ́n ń lá àwo, àwọn tó ti ń bá ara wọn ṣeré wá ń bínú síra wọn. Ènìyàn rere ni wọ́n. Nítorí náà, bí ẹni tó padà dé bá sọ fún yín pé òun jí oúnjẹ ẹlòmíràn jẹ níbẹ̀, ẹ má bá a wí.

ÀyànÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun kọ:

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù sí i fún yín.

Ẹ̀gbọ́n Sójà, mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan máa ń fi ìka lu ògiri bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́wọ̀n. Ṣé òótọ́ ni?

SójàÀná kọ:

Òótọ́ ni. Vietnam ni. Láti 1965 ni àwọn awakọ̀ òfurufú tí wọ́n mú ti ń lò ó ní Hanoi. Oníkálùkù wà nínú yàrá tiẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n to lẹ́tà 25 sí ìlà márùn-ún, lẹ́tà márùn-ún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yọ K kúrò, C ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí o bá lu ògiri lákọ̀ọ́kọ́, o ń sọ ìlà tó o wà. Bí o bá dúró díẹ̀ tó o tún lù ú, o ń sọ lẹ́tà wo ni lórí ìlà náà. Bí o bá fẹ́ kọ "Ade": kọ̀, sinmi, kọ̀, A nìyẹn. Kọ̀, sinmi, kọ̀ kọ̀ kọ̀ kọ̀, D nìyẹn. Kọ̀, sinmi, kọ̀ kọ̀ kọ̀ kọ̀ kọ̀, E. Lálẹ́, kí wọ́n tó sùn, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń kí ara wọn: G, B, U. Pé kí Ọlọ́run bùkún ọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún láìfojú kan ara wọn. Ibẹ̀ ni ẹni tuntun ti ń gbọ́ irú ìbéèrè tí wọ́n máa bi í, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kó orúkọ gbogbo ẹni tó wà láàyè sórí, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ bọ́ lè kà á fún àwọn ará ilé.

ÀyànÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun kọ:

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Iṣẹ́ tí wọ́n bí mi bá nìyẹn. Ògiri ò ní awọ, kò ní ọṣán tí ènìyàn lè fún kí ohùn lọ sókè tàbí kó wálẹ̀, nítorí náà kò lè sọ Yorùbá bí dùndún ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ìlù oríkì ilé kan ṣe ń rìn, ibi tó ti ń yára, ibi tó ti ń dúró, ọmọ ilé náà á mọ̀ ọ́n kódà bí wọ́n bá fi ìka lu pátákó. Bí ọmọ wa méjì bá wà ní yàrá méjì, mo rò pé èyí ni wọ́n á kọ́kọ́ fi mọ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín mọ ìlù ilé yín kó tó lọ.

ÀbíkẹÌgbóǹnà kọ:

Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọbìnrin Chibok. 276 ni wọ́n kó ní April 2014. Ọmọ ogun kọ́, ọmọ ilé ìwé ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìgbèkùn náà ni. Àwọn kan nínú wọn rí ìwé kékeré, wọ́n ń kọ ohun tí ojú wọn ń rí sínú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n ń fi í pamọ́ kí àwọn tó mú wọn má rí i. Àwọn ìwé náà bá wọn bọ́. Ọmọdé ló ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ o. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́.

ỌmọỌmọBọ́mà kọ:

Bàbá tó bí bàbá mi lọ sí Bọ́mà, wọ́n sì padà wá. Wọn ò mú wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún wa jù ni ti ọmọ Yorùbá bíi tiwọn, Isaac Fadoyebo, ará Ẹ̀mùrẹ̀-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ló wà. Ní March 1944, létí odò Kaladan, àwọn ọmọ ogun Japan yọ sí wọn. Ìbọn bà á, egungun itan rẹ̀ fọ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ará Sàró, David Kargbo, náà fara gbọgbẹ́. Àwọn ará Japan fi wọ́n sílẹ̀ nínú igbó. Wọn ò lè rìn, ẹ̀yìn ọ̀tá ni wọ́n sì wà.

Ẹ fojú inú wo ó: ọmọ Ọ̀wọ̀ nínú igbó Éṣíà, ẹsẹ̀ ti kán, kò gbọ́ èdè ibẹ̀. Àgbẹ̀ kan ní abúlé tó wà nítòsí, Mùsùlùmí, Shuyiman lorúkọ rẹ̀, ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, ó sì gbé wọn wọ inú ilé rẹ̀ nígbà tó yá. Bí àwọn ọmọ ogun Japan bá rí wọn lọ́dọ̀ rẹ̀, òun àti ìyàwó àtọmọ ni wọ́n máa pa. Ó fi wọ́n pamọ́ títí di December 1944 tí ogun Gẹ̀ẹ́sì tún gba ibẹ̀ padà. Fadoyebo padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó bímọ. Ní 2011, lẹ́yìn tó ju ọdún 65 lọ, akọ̀ròyìn kan bá a gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ fún àwọn ọmọ Shuyiman. Ọdún kejì ló kú.

Nígbà tí bàbá wa àgbà bá ń sọ ọ́, ibi tí wọ́n máa ń dúró lé ni Kargbo. Wọ́n ní ká ní ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú igbó yẹn, kò ní pẹ́ kú.

BàbáÌbejì kọ:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ó wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn 12,000 tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn ńkọ́? Àwọn náà ní ẹni lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mi ò fẹ́ kí ìyá rò pé bí ọmọ bá ṣáà ti ní ọ̀rẹ́, ó ti bọ́.

MoPadàDé kọ:

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ níbí. Mo máa ń kà ni.

Wọ́n gbé mi rí, lójú ọ̀nà. Àwọn ajínigbé ni, mi ò sì ní sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n dè wá ní méjì-méjì lẹ́sẹ̀. Gààrí nínú ọ̀rá ni wọ́n ń fún wa, omi àkùrọ̀ la fi ń rẹ ẹ́. Àwọn tó gbé wa ò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Iye owó tí wọ́n bù lé wa lórí ni wọ́n fi ń pè wá: "Ìwọ mílíọ̀nù márùn-ún, dìde."

Ìyá àgbàlagbà kan wà láàárín wa, oníṣòwò aṣọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní oríkì. Lẹ́yìn náà ó bi gbogbo wa. Ẹni tí kò mọ̀ ju Àjàní lọ, ó bi í ní ìlú ìyá rẹ̀ àti ìlú bàbá rẹ̀, ó sì fi àwọn ìlú yẹn gbé oríkì kalẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ yẹn, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ó máa ń rọra kì wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kó tó gbà kí ẹnikẹ́ni fẹnu kan gààrí. Ó ní kí a máa fi omi ìwọ̀nba nu ojú. Bí ẹnì kan bá kọ̀ láti dìde, ó máa ń kì í títí á fi dìde. Ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n so mọ́ mi ti kọ̀ láti jẹun. Mo rí i bó ṣe mú un: ó kì í, ó bú u bí ìyá ṣe ń bú ọmọ, ó sì fi gààrí sí i lẹ́nu.

Bàbá Ìbejì, ẹ sọ òótọ́. Ọ̀kan nínú wa kú, ẹni tí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà. A wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì yè. Ṣùgbọ́n a mọ orúkọ rẹ̀. A mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Nígbà tí a jáde, àwa méjì lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, a sọ ohun tó sọ kẹ́yìn fún un. Ìyá Àdùkẹ́ ní ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù ni kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ìyàwó ọkùnrin yẹn mọ̀.

BàbáÌbejì kọ:

Ẹ kú ewu. Ẹ kú ewu gidigidi. Mo gbọ́ yín.

ÀdùkẹÒkèFìà kọ:

MoPadàDé, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tún rí irú rẹ̀ mọ́. Mo ka tiyín fún ìyá wa. Wọ́n ní kí n tún un kà.

Wọ́n wá bèèrè nǹkan méjì. Èkíní, bí a ò bá gbúròó ọmọ, ta ni a máa lọ bá yàtọ̀ sí àwọn ológun? Èkejì, bí wọ́n bá lù ú tó sì sọ ohun tí kò yẹ kó sọ, ṣé àwọn ológun á wá pè é ní ọ̀dàlẹ̀?

TíṣàÌtàn kọ:

Lórí èkíní, ẹ lọ bá Red Cross. Wọ́n ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ wa. Iṣẹ́ wíwá ẹni tó sọnù lójú ogun ti pẹ́ lọ́wọ́ àjọ yìí. Ní 1914, ọdún tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Geneva tí ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n mú sórí káàdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Káàdì náà tó bíi mílíọ̀nù méje nígbà tí wọ́n ṣe é tán. Ìyá kan á kọ lẹ́tà, akọ̀wé kan á lọ tú àpótí, á sì rí i pé ọmọ rẹ̀ wà ní àgọ́ báyìí. Wọ́n ṣì ń ṣe é ní Nàìjíríà. Ní 2022 wọ́n kéde pé àwọn tó sọnù tó wà nínú ìwé àwọn níbí ju 25,000 lọ, ó sì lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ọmọdé. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹbí. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín tó ní òun jẹ́ Red Cross tó sì ń bèèrè owó, ẹ já fóònù náà.

Ẹ̀gbọ́n Sójà ló mọ èkejì jù mí lọ. Ṣùgbọ́n mo ní ohun tó ń dùn mí lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jà fún Faransé, tí Jámánì mú ní 1940, tí wọ́n sì há mọ́ fún ọdún mẹ́rin, wọ́n kó wọn padà sí Thiaroye lẹ́bàá Dakar. Owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń bèèrè. Ní 1 December 1944, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn lù wọ́n. Iye tí ìjọba Faransé sọ nígbà náà ni 35, àwọn onítàn púpọ̀ sì gbà pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. November 2024 ni ààrẹ Faransé tó gbẹ́nu sọ pé ìpakúpa ni. Ọdún 80! Àwọn tó ye ìgbèkùn ọ̀tá, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n jà fún ni wọ́n kú sí.

SójàÀná kọ:

Ìyá, ẹ gbọ́. Kò sí ẹni tí a ò lè fi ìyà fọ́. Kò sí. Ẹni tó bá sọ pé òun ò ní sọ̀rọ̀ láéláé, wọn ò tíì so ó rọ̀ ni.

Ọ̀gá kan wà nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tí mo sọ yẹn, James Stockdale. Láti September 1965 títí di February 1973 ló fi wà lọ́wọ́ wọn, ọdún mẹ́rin nínú rẹ̀ ló sì dá wà nínú yàrá. Òfin tó fi ògiri ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé kí oníkálùkù gbà á mọ́ra dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kó má kàn fún wọn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá sì fọ́, kó padà sí yàrá rẹ̀, kó sọ ohun tó sọ fún àwọn tó kù, kó sinmi, kó sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kẹ́gàn rẹ̀, nítorí ìtìjú ló ń mú ènìyàn yà sọ́tọ̀, ẹni tó bá sì ti yà sọ́tọ̀ ni ọ̀tá ń rí lò. Ó tún sọ lẹ́yìn tó dé pé àwọn tí kò yè ni àwọn tó ń sọ pé ìgbà Kérésìmesì làwọn á lọ sílé, pé kó tó di Àjíǹde. Bí Kérésìmesì bá kọjá, ọkàn wọn á fọ́. Kí ọmọ wa gbà pé òun máa dé, kó má dá ọjọ́ fún un.

Ní ti àwọn ológun wa, wọ́n á bi í ní ìbéèrè bó bá dé, kò sì yẹ kí ẹ̀yin ará ilé bínú sí ìyẹn, iṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n láàárín ilé, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé kí ló sọ fún wọn.

Nọ́ọ̀sìGbọ̀ngánRoad kọ:

Mo kín ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn. Ẹ má sì pe gbogbo àdúgbò wá kí i káàbọ̀ lọ́jọ́ tó bá dé. Oorun rẹ̀ á má dáa fún ìgbà pípẹ́, ìró ilẹ̀kùn lásán á máa ta á jí, ó lè máa fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìwọ̀nyí ò ní kó jẹ́ wèrè. Bí oṣù kan bá kọjá tí kò dín kù, ẹ mú un lọ bá dókítà ọpọlọ, kí ẹ má kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìtúsílẹ̀.

ÀdùkẹÒkèFìà kọ:

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Ìbéèrè kan ló kù, tèmi nìyí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń lọ. Kí ni kí a ṣe pẹ̀lú rẹ̀ kó tó kúrò nílé?

SójàÀná kọ:

Ẹ kọ nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ àti ọjọ́ tó kúrò nílé sínú ìwé méjì. Kí ìyá mú ọ̀kan, kí ìwọ mú ìkejì. Kó kọ́ nọ́ńbà fóònù rẹ sórí, kó lè kà á láìwo ibì kankan, nítorí fóònù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà. Ẹ yọ gbogbo fọ́tò tó ti wọ aṣọ ológun kúrò lórí Facebook yín, títí kan ti ọjọ́ tó jáde ẹ̀kọ́ṣẹ́, àti èyí tí ẹ ti kọ pé ilé yín wà ní Òkè-Fìà. Àwọn tó bá mú un máa wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ láti mọ iye tí wọ́n á béèrè. Kó fún yín ní orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì nínú ẹgbẹ́ ogun náà, kí ẹ sì wá ẹbí àwọn ọ̀rẹ́ yẹn rí kí ilẹ̀ tó ṣú sí ohunkóhun. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn ìyá mẹ́ta tó ń wá ọmọ pọ̀ ni àwọn ọ̀gá á dá lóhùn ju ìyá kan lọ.

Kí ìyá sì kọ́ ọ ní oríkì rẹ̀ tán, kì í ṣe orúkọ oríkì bíi Àlàó nìkan.

ÀdùkẹÒkèFìà kọ:

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti yọ àwọn fọ́tò náà kúrò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí ìwé yẹn bá ti wà nílẹ̀, màá fẹ́ mú un wá fún yín wò ní Testing Ground lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan kan ṣẹ́kù.

SójàÀná kọ:

Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin. Mú ìyá dání.